Iná Wo La Ó Fi Dáná ní Dougouba?

Ẹni tó bá fẹ́ ra sítóòfù ní Dougouba, àdúgbò wa ní Bouaké, iye owó ló sábà máa ń kọ́kọ́ bi: ti gáàsì ni àbí ti mànàmáná? Èmi rò pé ìtàn ìlú ló yẹ kó kọ́kọ́ bi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n sé odò Bandama ní Kossou kí Côte d'Ivoire lè rí iná. Omi bo abúlé àwọn Baoulé. Nǹkan bí 75,000 ènìyàn ló kó kúrò nílé bàbá wọn. Àwọn tó ń fi igi dáná ni wọ́n lé kúrò kí ará Abidjan lè tan gílóòbù! Nígbà tó di 1983, ọ̀dá dá, omi fà, iná sì di ohun tí wọ́n ń bù pín.

Ni ìjọba bá yíjú sí gáàsì inú òkun. Láàárín àwọn ọdún 1990, CIPREL, lẹ́yìn náà Azito, bẹ̀rẹ̀ sí fi í ṣe iná ní Abidjan. Lónìí, gáàsì ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná orílẹ̀-èdè yìí. Ẹni tó ń fi mànàmáná dáná ní Dougouba, gáàsì náà ló ń lò, àfi pé nǹkan bí 350 kìlómítà sílé rẹ̀ ni wọ́n ti sun ún.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Láti oṣù Kẹsàn-án 2002 ni Bouaké ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ní ìparí oṣù Kejì 2011, nígbà tí Gbagbo àti Ouattara ń du ipò ààrẹ, wọ́n pa iná àárín gbùngbùn àti àríwá láti Abidjan. Omi ẹ̀rọ náà dá. Lọ́dún 2021, tí kò sí ogun rárá, ọ̀dá àti ẹ̀rọ tó bàjẹ́ tún mú kí wọ́n máa bu iná pín.

Ọkọ̀ ló ń gbé ìgò gáàsì wá, òótọ́ ni. Bí ọ̀nà bá dí, yóò tán. Ṣùgbọ́n kì í tán nínú gbogbo ilé lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ra tirẹ̀ lánàá lè bá aládùúgbò se ọbẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ti Ejigbo wá mọ èyí: ẹ wo ẹ̀yìnkùlé wọn, ààrò eléèédú ṣì wà níbẹ̀.

Sítóòfù gáàsì olójú mẹ́ta ni mo rà. Kẹ́tùlù mànàmáná kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fún tíì àárọ̀.