Wáyà Aago Eré

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Nígbà tí ọwọ́ aago eré kú nínú mọ́tò Volkswagen bàbá mi àgbà, èyí tí a ń pè ní Ìjàpá, mẹkáníìkì ní kí ó ra aago tuntun. Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi ni ìbá bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè. Ní 1902 ni Otto Schulze, ará Strasbourg, ìlú tí ó wà lábẹ́ Jámánì nígbà náà, gba ìwé-àṣẹ fún irú aago yìí. Bí ẹsẹ̀ mọ́tò ti ń yí ni wáyà ń yí irin òòfà nínú aago. Òòfà ń fa ife irin kékeré tí ó gbé ọwọ́ aago, láì fi ara kàn án. Sípíríǹgì tín-ín-rín sì ń fà á padà. Ibi tí agbára méjèèjì bá ti dọ́gba ni ọwọ́ aago ń dúró. Wáyà kan náà ni ó ń yí òǹkà ìrìn ọkọ̀.

Nínú Ìjàpá, tí a bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Èkó ní 1975, ẹsẹ̀ iwájú apá òsì ni wáyà náà ti bẹ̀rẹ̀. Píìnì kékeré ni ó dè é mọ́ ìdérí gírísì. Bí òǹkà bá ń ṣiṣẹ́ tí ọwọ́ nìkan kú, kí a fura sí aago. Bí méjèèjì bá kú, kí a kọ́kọ́ wo wáyà.

Méjèèjì ni ó kú. Mo wo ẹsẹ̀ mọ́tò: píìnì ti bọ́ sọnù. Ẹni tí ó mọ orísun odò ni í mọ ibi tí ó ti dí.