Bí Ẹ̀jẹ̀ Ewúrẹ́ Ṣe Ń Tú Àṣírí Àrùn Kátà

Ewúrẹ́ tí wọ́n kó láti Òkè Ọya wá sí ọjà ẹran Oko-Ọba ní Agége lè ti kó kátà lọ́nà, kí ara rẹ̀ sì máa dán síbẹ̀. Ó máa ń tó bí ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún kí ibà tó gbé e. Lẹ́yìn náà ni ikun á máa dà nímú, ẹnu á bó, ìgbẹ́ gbuuru á sì tẹ̀lé e. Kì í ran ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè pa ọ̀pọ̀ ẹran nínú agbo kan.

Ní 1942 ni Gargadennec àti Lalanne kọ́kọ́ kọ nípa àrùn náà ní Côte d'Ivoire. PPR ni àwọn dókítà ẹran ń pè é. Whitney, Scott àti Hill ṣàpèjúwe kátà lára ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa ní 1967. Ó di 1976 kí Hamdy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì PPR ló ń fà á.

Láyé ìgbà náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò rọrùn rárá. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni fáírọ́ọ̀sì yìí àti ti rinderpest tó ń pa màlúù nígbà náà, ohun tí ara fi ń bá ọ̀kan jà sì máa ń dá èkejì mọ̀. Nítorí náà, wọ́n á yọ omi ojú ẹ̀jẹ̀, wọ́n á pò ó mọ́ fáírọ́ọ̀sì méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á dà á sórí sẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sì dúró fún ọjọ́ púpọ̀ láti mọ èyí tí ẹ̀jẹ̀ borí. Ní 1995, Libeau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ELISA kan jáde tó ya ìbátan méjèèjì sọ́tọ̀, tí èsì rẹ̀ sì ń jáde láàárín wákàtí mélòó kan. Bí àwọ̀ inú ihò awo àyẹ̀wò náà bá ṣe ṣá tó ni ààbò inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Ewúrẹ́ Nàìjíríà ni wọ́n ti gba fáírọ́ọ̀sì Nigeria 75/1 ní 1975. Wọ́n sọ ọ́ di aláìlágbára, ó sì di abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò. Àmọ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹran tí a gún àti èyí tí àrùn mú. Fún ẹran tó ń ṣàìsàn lọ́wọ́, ikun imú àti omi ojú ni wọ́n ń gbà láti wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Ní Abidjan ní 2015, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, àti OIE, àjọ ìlera ẹran àgbáyé, pinnu láti pa PPR rẹ́ kí 2030 tó tán. Mo gbà pé ọjà bí Oko-Ọba, níbi tí ẹran oríṣiríṣi ìlú ti ń pàdé, yẹ kó wà nínú iṣẹ́ náà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ewúrẹ́ tí a kò gún rí, tó sì ti lé ní oṣù mẹ́fà, ni kí wọ́n máa gbà: ààbò tí ìyá fún un ti tán, àmì tí wọ́n bá sì rí níbẹ̀, àrùn ló fi í síbẹ̀.