Ọ̀tà, Adó àti Ìwé Ìròyìn Àkọ́kọ́

Bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìdíje ìmọ̀ gbogbogbòò pé, ìwé ìròyìn wo ni a kọ́kọ́ tẹ̀ ní èdè Yorùbá, kíá ni yóò dáhùn pé, Ìwé Ìròyìn, ní Abẹ́òkúta, ní ọdún 1859. Ó gbà á! Ṣùgbọ́n bí a bá tún béèrè pé, èé ṣe tí ó fi jẹ́ Abẹ́òkúta, kẹ́kẹ́ lè pa.

Ìdáhùn náà kò jìnnà sí Àgbárá tí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Ẹ̀gbá ń wá ọ̀nà dé òkun, fún òwò àti ohun ìjà. Ní 1842, wọ́n ṣẹ́gun Ọ̀tà, ìlú Àwórì. Lẹ́yìn náà wọ́n dó ti Adó fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí ọ̀nà Àgbádárìgì. Láti Àgbádárìgì ni àwọn Sàró ti ń wọlé bọ̀. Ibẹ̀ náà ni Henry Townsend gbà dé Abẹ́òkúta ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843. Ní 1846, òun àti Ajayi Crowther padà lọ fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ilé ìwé dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì tẹ̀lé e.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀kọ́ parí sí 1859. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yín pé: ta ni ó gba ọ̀nà náà kọjá, ta ni ó sì san owó ibodè? Ọ̀tà àti Adó wà lára àwọn tí ó san án.