Àwọn Onígbàgbọ́ Àjàṣẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Òṣì

Lagbé jẹ́ ọ̀kan nínú agbègbè mẹ́fà tó para pọ̀ di Ifangni, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Benin. Nàìjíríà wà ní ìlà-oòrùn Ifangni, Àjàṣẹ́ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo kò sì jìnnà sí i. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn Kristẹni ṣe dá òṣì àti ìnilára lóhùn lágbègbè yìí, ọ̀nà Àjàṣẹ́ ni kó kọ́kọ́ gbà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti Látìn Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù ti pàdé ní Medellín lọ́dún 1968, tí Gustavo Gutiérrez, fada ọmọ ilẹ̀ Peru, sì gbé ìwé rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìdáǹdè jáde lọ́dún 1971. Ẹ̀kọ́ náà ní Ọlọ́run ń gbèjà òtòṣì, ìjọ tó bá sì dákẹ́ níwájú aninilára ti di alátìlẹyìn rẹ̀. Nílẹ̀ Áfíríkà, fada Jean-Marc Ela ti Kamẹrúùn lọ bá àwọn àgbẹ̀ gbé ní Tokombéré. Ó fẹ́ mọ ohun tí ìwàásù lè ṣe fún ẹni tí àká rẹ̀ ṣófo. Nígbà tí wọ́n pa Engelbert Mveng, fada ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lọ́dún 1995, Ela sá lọ sí Kánádà. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 2008.

Ṣùgbọ́n ó ti lé lógún ọdún ṣáájú Medellín tí káfíńtà kan ní Àjàṣẹ́, Samuel Bilehou Oshoffa, ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá sílẹ̀, lọ́jọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947. Kì í ṣe ìwé ló fi dá òtòṣì lóhùn. Àdúrà ìwòsàn àti ìran ló fún wọn, pẹ̀lú aṣọ funfun tí olówó àti aláìní jọ ń wọ̀. Lóòótọ́, oyè pọ̀ nínú ìjọ náà, àmùrè gbogbo wọn kò sì dọ́gba, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi bàtà wọlé àdúrà. Àwọn apẹja ló gbé e kọjá sí Makoko ní Èkó, ní nǹkan bí ọdún 1950.

Ìnilára ní tirẹ̀, àwọn Àgùdà, ìyẹn ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ló kojú rẹ̀. Ọ̀gágun Mathieu Kérékou gbàjọba lọ́jọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972. Lọ́dún 1974 ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni Benin yóò máa tọ̀, ìjọba sì gba ilé ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Nígbà tí ọdún 1989 fi dé, báǹkì ti wó, òṣìṣẹ́ ìjọba ń lo oṣù mélòó kan láìgba owó, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ìyanṣẹ́lódì. Nígbà Lẹ́ńtì ọdún náà ni àwọn bíṣọ́ọ̀bù kọ lẹ́tà sí gbogbo ìjọ pé kí wọ́n ronú pìwà dà kí Benin lè yè. Ọ̀rọ̀ ìrònúpìwàdà kì í ṣe tuntun nígbà Lẹ́ńtì, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, ó kan àwọn tó ń ṣèlú pẹ̀lú.

Ní oṣù kejìlá, Kérékou fúnra rẹ̀ kọ ẹ̀kọ́ Marx sílẹ̀. Àpérò orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìtura PLM Alédjo ní Kútọnu lọ́jọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1990, bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì ni wọ́n yàn ṣe alága. Àwọn aṣojú kéde pé ìpinnu àwọn ni abẹ gé. Èyí le gan-an, torí pé Kérékou ṣì ni olórí àwọn ológun. Lọ́jọ́ 28 oṣù náà, ó gbà. De Souza darí ìgbìmọ̀ tó bójú tó ìyípadà náà, kò sì fi dupò ààrẹ. Lójú mi, èyí ni ìwàásù rẹ̀ tó lágbára jù. Togo, Gabon, Congo àti Zaire náà fi bíṣọ́ọ̀bù ṣe alága àpérò tiwọn.

Àmọ́ ìyípadà ìjọba kì í bọ́ ènìyàn. Ní oṣù kìíní ọdún 1994, wọ́n gé iye owó sẹ́fà sí ìdajì, ọjà sì gbówó lórí. Ọ̀dọ̀ fada Godfrey Nzamujo ni mo ti rí ìdáhùn sí èyí. Ọmọ Nàìjíríà ni, ẹgbẹ́ Dòmíníkà ló wà, Kalifọ́níà ló sì ti ń kọ́ni kó tó wá dá ilé iṣẹ́ Songhai sílẹ̀ ní Ouando, ní Àjàṣẹ́, lọ́dún 1985, lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáko, bí wọ́n ṣe ń sin ẹja àti ẹran, àti bí wọ́n ṣe ń fi ìdọ̀tí oko ṣe gáàsì ìdáná. Ibẹ̀ kò gbàgbọ́ nínú ìtọrẹ àánú. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n gbà pé ó ń lé òṣì.

De Souza kú ní oṣù kẹta ọdún 1999. Kérékou ti wọlé ìbò padà ṣáájú ìgbà náà, lọ́dún 1996, ó sì ti di onígbàgbọ́ àtúnbí.