Dídi Ẹrù RNA nínú Fáírọ́ọ̀sì Àrùn Èémí

Dídi ẹrù RNA ni ọ̀nà tí fáírọ́ọ̀sì ń gbà fi purotéènì ká okùn RNA rẹ̀ jọ kí ó tó jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ti pọ̀ sí i. Okùn yìí ni ó gbé àṣẹ tí fáírọ́ọ̀sì fi ń bí irú ara rẹ̀.

Nínú fáírọ́ọ̀sì kòrónà tí ó fa COVID-19, okùn náà gùn tó nǹkan bí 30,000 lẹ́tà, bẹ́ẹ̀ fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdá kan nínú 10,000 mìlímítà lọ. Purotéènì N ni ó ń ṣù ú jọ ní ìṣù-ìṣù, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Mo yan “dì” dípò “wé” nítorí pé gèlè tí a wé lè fẹ̀ bí ó ṣe wù ú. Ẹrù tí a dì gbọ́dọ̀ wọ inú àpò.

Ègé mẹ́jọ ni RNA influenza A, purotéènì NP sì ká ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Bí ègé kan bá sọnù, fáírọ́ọ̀sì náà kò lè dá bí irú rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2020, ilé ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer’s, Ẹdẹ, gbé RNA kòrónà tí wọ́n kà lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà jáde. Ẹni tí yóò ka RNA gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi kẹ́míkà tú ẹrù náà. Purotéènì N yìí kan náà, tí ó pọ̀ jọjọ, ni ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kíákíá tí a ń ti ihò imú ṣe ń wá.