Lẹ́sìn Ilé ní Ìhà Ìjẹ̀bú: Láti Wàláà dé Wáẹ̀kì

Kí kíláásì tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀. Nílé kéú, ọmọ púpọ̀ lè jókòó sórí ẹní kan, ṣùgbọ́n oníkálukú ló ni wàláà tirẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì ka tirẹ̀ já gaara níwájú ààfáà kò ní fọ̀ ọ́ kọ òmíràn sí i, ì báà jẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ jìnnà.

Ilé ìwé àwọn Onígbàgbọ́ pẹ́ kó tó wọlé. Abẹ́òkúta ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn láti ọdún 1859, nígbà tí Ìjẹ̀bú ṣì ti ìlẹ̀kùn mọ́ òyìnbó. Ogun Ìmàgbọn, tí òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní oṣù Karùn-ún 1892, ló já ìlẹ̀kùn náà. Láyé ìgbà yẹn, ọmọ a máa lọ gbé lọ́dọ̀ tíṣà tàbí àlùfáà. Á pọnmi, á fọṣọ, á gbálẹ̀, ohun tó sì ń rí gbà ni ìwé tí wọ́n ń kọ́ ọ nídìí àtùpà lálẹ́. Owó lẹ́sìn náà nìyẹn, bí a bá rò ó dáadáa. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ará Ìkẹ́nnẹ́ ṣe irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Nígbà tó dàgbà, ẹ̀kọ́ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ń gbé wá fún un nílé ló fi gba oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ òwò ní 1944.

Ní 1949 ni Molusi College bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. S. O. Awókòyà, ọmọ Awà, ìlú tí kò jìnnà síbẹ̀, ni ọ̀gá àkọ́kọ́. Táí Ṣólàrín ló gbapò rẹ̀ ní 1952, kó tó lọ dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956. Awókòyà di Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, òun ló sì gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 1955 kalẹ̀. Gbogbo ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà lé ní 800,000. Ohun tó dára gan-an ni. Ẹni tó bá ní kò dára, kó lọ bi àwọn tí bàbá wọn kò lówó. Àmọ́ ta ni yóò ráyè gbọ́ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń kàwé nínú irú èrò bẹ́ẹ̀? Ibi tí kíláásì ti kún ni lẹ́sìn ti padà wọlé, lọ́tẹ̀ yìí pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Wáẹ̀kì, àjọ ìdánwò ilé ìwé girama, ti wà láti 1952, Jámbù, àjọ ìdánwò ìwọlé yunifásítì, dé ní 1978, àtiwọ yunifásítì láìyege nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì sì di ohun tó le bí ojú ẹja.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ògùn tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè ní 1982, tó ń jẹ́ Olabisi Onabanjo University láti 2001, ló sọ lẹ́sìn di iṣẹ́ ọ̀dọ́ ládùúgbò yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá nígboro lè kọ́ ọmọ lánlọ́ọ̀dù, kó fi rówó oúnjẹ.

Tíṣà tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ ṣí ìwé ìbéèrè ọdún àtijọ́. Á ní kí ọmọ ka àyọkà sókè, á sì sàmì síbi tó bá ti fo ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà á wọ ìwé kékeré kan, ọmọ á fi ṣe gbólóhùn tirẹ̀. Bó bá kọ "he" fún ìyá rẹ̀, tíṣà á bi í pé ta ló ń sọ. Ní kíláásì, kìkì àmì báírò tí wọ́n fi yí i ká ni yóò rí. Àṣìṣe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín: àròkọ Wáẹ̀kì kò gbọdọ̀ dín ní 450 ọ̀rọ̀, máàkì 50 ni, ìdajì máàkì sì ń lọ lórí àṣìkọ kọ̀ọ̀kan títí máàkì 10 tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un yóò fi tán. Ọ̀pọ̀ lẹ́sìn òde òní ń há ìdáhùn sórí lásán. Lójú tèmi, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìwé kíkà.

Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Waterside ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Abígi, Ìbíadé àti Ìwópin kò ní yunifásítì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè máa wá lálaalẹ́. Tíṣà ilé ìwé fúnra rẹ̀ ni tíṣà lẹ́sìn níbẹ̀, bó bá ráyè; bí kò bá ráyè, ẹbí a rán ọmọ lọ sọ́dọ̀ àǹtí tàbí ẹ̀gbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó máa gbálẹ̀, kó máa pọnmi, kó sì máa kàwé.