Ìtàn Àwọn Lẹ́tà Yorùbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Ó ṣòro kí a tó rí olùkọ́ èdè Yorùbá kan ní òde òní tí irú nǹkan yìí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí rí. Yóò jókòó, yóò fi sùúrù tẹ iṣẹ́ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, yóò fi àmì sí orí lẹ́tà àti sí abẹ́ lẹ́tà bí ó ti yẹ, yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ìlú mìíràn. Nígbà tí ọ̀rẹ́ náà bá ṣí i, àpótí kéékèèké tí ó ṣófo ni yóò bá níbi tí ẹ àti ọ wà, tàbí kí ó rí àmì ìbéèrè, tàbí kí àmì ohùn ti kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀ kí ó lọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan a máa dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Àwọn mìíràn a sì máa dá èdè wa lẹ́bi, wọn a ní àmì rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ti èdè. Ọ̀rọ̀ ìtàn ni. Àwọn ènìyàn kan jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa mọ lẹ́tà. Àwa kò sí níbẹ̀, àdéhùn náà sì ń darí ìkọ̀wé wa títí di òní.

Kí Kọ̀ǹpútà Tó Dé

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ní 1843 ni Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Nígbà tí yóò fi di 1852 tí ó tún tẹ gírámà àti ìwé ọ̀rọ̀ mìíràn jáde, àmì abẹ́ lẹ́tà ti wọ inú ìkọ̀wé wa. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Fáwẹ́lì àìránmúpè méje ni ó wà nínú èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni márùn-ún péré ni lẹ́tà fáwẹ́lì tí a yá lọ́wọ́ àwọn Òyìnbó. Ní 1875 àwọn ìjọ C.M.S. ṣe àpérò kan ní Èkó lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ èdè wa. Ní 1966 ìgbìmọ̀ kan tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ kan náà, ní 1974 ni a sì fi ọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ títí di ìsinsìnyí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí nínú ìtàn yìí. Nínú gbogbo àpérò wọ̀nyí, ọmọ Yorùbá wà níbẹ̀. Bí àwọn kan bá fẹ́ kí àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ ẹ̀yà ìlà kékeré, tí àwọn mìíràn fẹ́ kí ó jẹ́ tóótó, àwa fúnra wa ni a jọ ń jiyàn rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé inú ọ́fíìsì kò bá sì ní àmì náà, akọ̀wé a mú gègé, a fi ọwọ́ ara rẹ̀ kán an sí abẹ́ lẹ́tà. Ìwé náà a dára, iṣẹ́ a sì parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, kò sí gègé tí ó lè wọ inú rẹ̀ mọ́.

Nọ́ńbà Ni Kọ̀ǹpútà Mọ̀

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà rárá. Nọ́ńbà nìkan ni ó mọ̀. Bí a bá tẹ A, nọ́ńbà 65 ni ó ń fi pamọ́. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ fi hàn wá, yóò wá àwòrán tí ó bá 65 mu. Nítorí náà, gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan gbọ́ èdè èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ohùn ṣọ̀kan lórí nọ́ńbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ́.

Ní 1963 àwọn tí ń ṣe òṣùwọ̀n fún ilé-iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gbé àdéhùn kan jáde tí a mọ̀ sí ASCII. Àyè 128 péré ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi kún fún lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà, àmì ìdánudúró àti àṣẹ fún ẹ̀rọ wáyà. Lẹ́tà é tí àwọn ará Faransé ń lò pàápàá kò rí àyè níbẹ̀, kí a má tilẹ̀ sọ ti ẹ àti ọ. Kì í ṣe pé àwọn tí ó ṣe é kórìíra ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú wọn ni wọ́n ń ṣe, ẹni tí kò sì sí lójú wọn kò sí ní ọkàn wọn.

Nígbà tí ó yá, kọ̀ǹpútà lè gba 256, àyè 128 mìíràn sì ṣí sílẹ̀. Níhìn-ín ni ìdíje àwọn ilé-iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Oníkálùkù pín àyè tuntun náà bí ó ti wù ú. Nínú kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní 1981, 130 ni nọ́ńbà é. Nínú Macintosh tí Apple gbé jáde ní 1984, 142 ni. Nínú òṣùwọ̀n gbogbo àgbáyé tí ó jáde ní 1987, èyí tí Windows tẹ̀ lé, 233 ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ é lórí Macintosh tí ó sì gbé e lọ sórí ẹ̀rọ IBM, Ä ni yóò bá níbẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kò mọ lórí lẹ́tà nìkan. Àní bí ìlà ṣe ń parí pàápàá, wọn kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ wáyà àtijọ́ ní àṣẹ méjì: nọ́ńbà 13 ń dá orí ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, nọ́ńbà 10 sì ń sún ìwé sókè. Windows pa méjèèjì mọ́. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, ń lo 10 nìkan bí Unix tí ó wà ṣáájú rẹ̀. Macintosh àtijọ́ sì ń lo 13 nìkan. Títí di 2018 ni ìwé tí a kọ lórí Linux máa ń di ìlà gígùn kan ṣoṣo bí a bá fi Notepad inú Windows ṣí i. Ẹ̀rọ wáyà ti kú, ṣùgbọ́n ogún rẹ̀ ṣì ń dá ìjà sílẹ̀.

Níbo ni àwa wà nínú gbogbo èyí? Òṣùwọ̀n ti 1987 ní á, à, é, è, ó àti ò, nítorí pé àwọn ará Yúróòpù ń lò wọ́n. Kò ní ẹ, kò ní ọ, kò ní ṣ. A lè kọ owó àti òwò, ṣùgbọ́n a kò lè kọ ọwọ́, ọwọ̀ tàbí ọ̀wọ̀. Àwọn ènìyàn wa wá ọgbọ́n dá. Wọ́n ṣe àwòrán lẹ́tà tiwọn, wọ́n sì fi ẹ sórí àga àmì mìíràn tí a kì í sábà lò. Lórí ẹ̀rọ tí ó ní àwòrán náà, gbogbo rẹ̀ a gún régé. Lórí ẹ̀rọ tí kò ní i, oní-àga a jáde, àkọsílẹ̀ a sì dàrú. Ọ̀pọ̀ ìwé àti iṣẹ́ àṣekágbá tí a tẹ̀ nígbà náà ni a kò lè kà lórí kọ̀ǹpútà mọ́ àfi bí a bá tún un tẹ̀.

Unicode àti Ìbágbé Wa Pẹ̀lú Vietnam

Ní 1991 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá kan dá ẹgbẹ́ Unicode sílẹ̀ ní California. Ìpinnu wọn dára: gbogbo lẹ́tà tí a fi ń kọ èdè ní ayé yóò ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà náà yóò sì jẹ́ ọ̀kan náà lórí gbogbo ẹ̀rọ. Ní 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ wọlé. 7865 ni nọ́ńbà ẹ, 7885 ni ti ọ, 7779 sì ni ti ṣ. Ṣùgbọ́n bí a bá wo àgbègbè tí a fi ẹ àti ọ sí, àárín àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni. Àwọn ará Vietnam náà ń fi tóótó sí abẹ́ fáwẹ́lì, ṣùgbọ́n ní tiwọn, ohùn ni tóótó náà ń fi hàn. Ní tiwa, ó ń sọ fáwẹ́lì kan di òmíràn. Ilé ẹlòmíràn ni a bá wọlé, a sì rí àyè sùn.

Ẹni tí ó bá sùn sí ilé ẹlòmíràn kì í rí ohun gbogbo tí ó ń fẹ́. Lẹ́tà ế ti Vietnam ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, 7871. Lẹ́tà ẹ́ ti Yorùbá kò ní, àkànpọ̀ ni. A lè kọ ọ́ ní 7865 kí a fi àmì ohùn òkè, 769, tẹ̀ lé e. A lè kọ ọ́ ní 233, tí í ṣe é, kí a fi tóótó abẹ́, 803, tẹ̀ lé e. A tún lè to e, tóótó àti àmì ohùn lẹ́sẹẹsẹ, tàbí kí a fi àmì ohùn ṣáájú tóótó. Ọ̀nà mẹ́rin ni èyí, ojú wa kò sì lè mọ ìyàtọ̀ wọn. Òfin Unicode sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ni ó ń pa òfin náà mọ́. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé, tí a tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kìíní, tí ẹni tí ó kọ ìwé sì tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀nà kejì, ètò mìíràn yóò dáhùn pé ọ̀rọ̀ náà kò sí.

Ṣé a kò lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo? Ó ti pẹ́ jù. Ẹgbẹ́ náà ti pinnu pé lẹ́tà tí a lè fi èyí tí ó ti wà nílẹ̀ kàn pọ̀ kò ní gba nọ́ńbà tuntun mọ́, kí àkọsílẹ̀ àtijọ́ má baà yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí. Ìdí náà tọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tètè dé ni ó bá àyè. Ẹni tí ó pẹ́ bá òfin.

Àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà náà kò fi ìwà àtijọ́ sílẹ̀. Láti 1998 ni Macintosh ti ń tú orúkọ fáìlì palẹ̀, tí ó ń ya lẹ́tà sọ́tọ̀ kúrò lára àmì rẹ̀ kí ó tó fi í pamọ́. Windows àti Linux ń fi í pamọ́ bí a ti tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, bí a bá kó fáìlì láti ọ̀dọ̀ oríṣi méjì lọ sórí Linux, fáìlì méjì tí ń jẹ́ “Ẹ̀kọ́ Kìíní” lè jókòó ti ara wọn, kí akọ̀wé máa wò wọ́n, kí ó sì má mọ èyí tí í ṣe tuntun. Ní 2017 ni Apple yí ọ̀nà ìpamọ́ náà padà.

Òfin Orúkọ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Nígbà tí a ṣe ètò orúkọ fún íntánẹ́ẹ̀tì ní 1983, lẹ́tà a dé z, nọ́ńbà àti ìlà kékeré nìkan ni a gbà láyè. Láti 1998 ni àjọ ICANN, tí òun náà wà ní California, ti ń bójú tó ètò yìí. Ní 2003 òfin tuntun jáde pé a lè lo lẹ́tà èdè mìíràn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò kọ́kọ́ sọ orúkọ náà di lẹ́tà ASCII tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “xn--”. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́ṣà fi rí i pé lẹ́tà tí ó jọra lè tan ènìyàn jẹ, wọ́n sì ń fi ṣe ojú-ìwé ayédèrú. Àwọn tí ń ṣọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí lẹ́tà tí ó ní àmì. Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Ìfura ni oògùn àgbà. Síbẹ̀, ohun tí ó jẹ́ lẹ́tà gidi lójú wa ti di ohun ìfura lójú aṣọ́bodè.

Ohun Tí Ó Kù Fún Wa

Kì í ṣe pé a káwọ́ gbera. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ Alt-i tí Túndé Adégbọlá dá sílẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ lórí YorubaName náà ti ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ fún Windows àti Macintosh. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kò wúlò bí a kò bá lò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì ń kọ “owo” kí òǹkàwé máa méfò bóyá owó ni, tàbí ọwọ́, tàbí ọ̀wọ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí a bá sì kọ orúkọ náà sínú fọ́ọ̀mù láìsí àmì, ta ni yóò mọ ilé tí a wò? Ọ̀ràn náà tún le sí i nísinsìnyí tí kọ̀ǹpútà ń kọ́ èdè láti inú ohun tí a bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí a bá fún un ní Yorùbá tí kò ní àmì, Yorùbá tí kò ní àmì ni yóò máa fi kọ́ ọmọ wa.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ fi ìlò pátákó ìtẹ̀wé Yorùbá kún ẹ̀kọ́ àkọtọ́. Mo bẹ ẹ̀yin tí ń tọ́jú ìwé kí ẹ fi ẹnu kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ ó máa gbà fi ẹ́ àti ọ̀ pamọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ mọ kọ̀ǹpútà tí ẹ sì mọ Yorùbá, ẹ má ṣe gbàgbé pé ẹnikẹ́ni ni ó lè kọ ìwé àbá sí Unicode, àti pé àwọn ìgbìmọ̀ tí ń ṣe òfin íntánẹ́ẹ̀tì ń gba èrò gbogbo ènìyàn. Ní 1875, a wà níbẹ̀. Ní 1966, a wà níbẹ̀. Ní 1963 àti 1991, a kò sí níbẹ̀, a sì ti rí ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ìpàdé mìíràn yóò tún wà. Kí wọ́n má ṣe bá àga wa lófìfo.